Ìka Aláró

Ìka aláró ni ìyá mi ní.
Ogójì ọdún ló fi ń ti ìka yẹn bọ ìkòkò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
á fi kan ahọ́n, á dákẹ́ díẹ̀,
á ní, "Ó kù díẹ̀. Ẹ má tíì ri aṣọ."
Èékánná rẹ̀ kò funfun rí lójú mi;
mo ti tó ọmọ ọdún méje kí n tó mọ̀
pé ìyá ẹlòmíràn kì í ní ọwọ́ tó dúdú bí ojú ọ̀run alẹ́.

Ìka yẹn kan náà ni Nọ́ọ̀sì Jọláadé wá ń gún
ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, lókè Àsùbíàrò.
Ẹ̀jẹ̀ kán sórí pébà tẹ́ẹ́rẹ́,
ẹ̀rọ kékeré rò ó wò, ó sọ iye.
Àtọ̀gbẹ.
Ìyá mi ní, "Èmi tí n kò rówó ra oyin,
èmi ló wá ń tọ oyin?"

Wọ́n gba ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba mílíìkì inú agolo,
wọ́n gba jáàmù pupa
tó fi ń jẹ búrẹ́dì lẹ́yìn ìrun àárọ̀
láti ìgbà tí bàbá mi ti kọ́kọ́ rà á fún un
ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé reluwé, lọ́dún tí wọ́n bí mi.
Kò sunkún nítorí ṣúgà.
Ó sunkún nítorí jáàmù.

Ni mo bá gba ọjà Ìgbọ̀nà lọ.
Mo ra gúáfà tó pọ́n tán, inú rẹ̀ pupa bí ètè ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ,
mo ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan, ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta.
Ṣàkírátù tó tà á fún mi ní, "Kí lẹ fẹ́ sè?"
Mo ní jáàmù.
"Ṣúgà ńkọ́?"
Mo ní kò sí.
Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ ṣe aró láìní èlú.

Ìkòkò àkọ́kọ́, mo jó o.
Ìkejì, omi pọ̀ jù; ọbẹ̀ ni, kì í ṣe jáàmù.
Ìkẹta dára. Mo yangàn, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù
bí ẹni gbé fọ́tò ìgbéyàwó.
Ọjọ́ kẹfà, ó ti hu irun funfun.
Ìyá mi ṣí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú:
"Ó ti darúgbó jù mí lọ!"
N kò mọ̀ pé ṣúgà ni ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ìgò;
ẹni tó bá lé ẹ̀ṣọ́ lọ, kó wá fíríìjì.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó tún ìró ró, ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.
"Ta ló kọ́ ẹ kó o máa ro èso bí ẹni ń rokà?"
Ó dín iná kù. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó ju èèpo rẹ̀ tẹ̀ lé e,
ó fi asẹ́ yọ kóró gúáfà
bó ṣe máa ń sẹ́ omi eérú láyé ọjọ́sí.
Kò wo aago. Ìkòkò ló ń gbọ́:
nígbà tó ń hó wàìwàì, kò mira;
nígbà tí híhó náà wúwo, tó wá ń sọ pé pọ̀, pọ̀,
ó bu díẹ̀ sójú ṣíbí, ó ti ìka bọ̀ ọ́,
ó fi kan ahọ́n, ó dákẹ́ díẹ̀.
Mo tún di ọmọ ọdún méje.
"Ó kù díẹ̀," ló wí.

Ìgò kékeré mẹ́rin ló kún.
Ó ya àdìrẹ àlòkù kan, ó fi dé wọn lórí, ó fi òwú so wọ́n.
Kò dùn bíi ti ṣọ́ọ̀bù.
Ó kan díẹ̀; adùn rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn,
bí àlejò tó kọ́kọ́ kí ará ilé tán kó tó jókòó.
Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé èso ní ṣúgà tirẹ̀ nínú:
ṣíbí tíì kan lóòjọ́, kó má lé.

Lóru àná mo gbọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì.
Mo dìde. Ìyá mi ló dúró nínú ìmọ́lẹ̀ tútù yẹn,
ìgò lọ́wọ́ òsì.
"Ìyá, ṣíbí kan la jọ sọ."
Ó yọ ìka lẹ́nu, ó wò ó tìfura tìfura.
"Ṣé o rí ṣíbí lọ́wọ́ mi ni?"